Ohùn Àjíbíkẹ́ Tó Wà ní Yunifásítì

Ọkùnrin kan wà ní Ìsọlọ̀, lẹ́yìn ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tò sí, tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Ọláyanjú ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìrágbìjí ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Èkó ju bó ṣe pẹ́ nílé lọ. Nígbà tí ara ṣì le, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ ló ti ń jẹun. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé, ó kó ìwọ̀nba irinṣẹ́ tó ní wálé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn aránṣọ tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ wá, á yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á tẹ́tí, á sọ ohun tó ṣe é. Ó parí.

Àjíbíkẹ́ ni ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́. Ọmọ Òkehò ni. Aránṣọ ni òun náà, aṣọ àwọn ọmọ iléèwé ló ń rán. Ó ti kú. Ikú rẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó wà láyé, kò sí àárọ̀ kan tí kì í ki ọkọ rẹ̀. Bí Ọláyanjú bá ti wẹ̀ tán, tó ti wọ bàtà, á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àjíbíkẹ́ á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á kúnlẹ̀, á ní:

"Àkàngbé, ọmọ adáná de àlejò. Ọmọ ilé tí a kì í jẹun ká ti ilẹ̀kùn."

Á sì máa bá a lọ. Lọ́jọ́ kan á kúrú, lọ́jọ́ kejì á gùn. Ọláyanjú kò bi í rí pé kí ló dé tó fi kúrú, kí ló dé tó fi gùn. Okùn bàtà rẹ̀ ló máa ń wò nígbà tí wọ́n bá ń kì í. Bí wọ́n bá parí, á ní, "O ṣeun," á jáde.

Ìyá Ọláyanjú ló kọ́ ọ. Kí Àjíbíkẹ́ tó bá ọkọ rẹ̀ wá sí Èkó, ó kọ́kọ́ gbé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ ní Ìrágbìjí. Bí ìyàwó ṣe ń mọ ibi tí wọ́n ń kó abọ́ sí nílé ọkọ, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń mọ oríkì ilé ọkọ. Ọkùnrin kì í kọ́ ọ. Ọkùnrin ń gbọ́ ọ ni.

Ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó débẹ̀, àwọn alájọgbé ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ wọn sì ń sín in jẹ. Nígbà tó yá, ó di aago fún wọn. Bí Àjíbíkẹ́, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Tẹ́jú, bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọkọ rẹ̀, ẹni tó bá ṣì wà lórí ibùsùn mọ̀ pé òun ti pẹ́.

Nígbà tí Àjíbíkẹ́ kú, àwọn èèyàn wá, wọ́n jókòó, wọ́n sọ ohun tí èèyàn máa ń sọ, wọ́n lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹni tó gbẹ̀yìn nínú wọn lọ, Ọláyanjú wẹ̀, ó wọ bàtà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró pẹ́. Ọkọ̀ òfurufú kan kọjá lókè ilé, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pápákọ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ló tó yé e pé kò sí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan kan. Ó padà jókòó, ó tú okùn bàtà. Kò jáde lọ́jọ́ náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Oúnjẹ kọ́ ni ìṣòro rẹ̀, ó mọ oúnjẹ sè. Aṣọ kọ́, ó ń fọ̀ ọ́. Ohun tó ń fẹ́ ni kó gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, látòkè délẹ̀, bí Àjíbíkẹ́ ṣe máa ń kì í. Ó ti ń kúrò lórí rẹ̀. Ó ń rántí ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń rántí ibi kan láàárín tí wọ́n ti mẹ́nu ba òkè kan tí òjò máa ń kọ́kọ́ rọ̀ sí kó tó rọ̀ níbòmíràn. Bó ṣe dé ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò yé e mọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé, ṣebí kó ki ara rẹ̀. Ta ní í ki ara rẹ̀? Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń ki ara rẹ̀, àwọn aládùúgbò á wá nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ kàn. Ó gbìyànjú rẹ̀ ní balùwẹ̀ lọ́jọ́ kan, níbi tí omi ti ń ro. Ohùn rẹ̀ dàbí ohùn ẹni tó ń ka orúkọ ara rẹ̀ níwájú adájọ́. Ó dákẹ́.

Ó pe Tẹ́júọlá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó wà nílùú òyìnbó.

"Tẹ́jú, oríkì tí ìyá rẹ máa ń kì mí, ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ̀n-ẹ́n, Dádì. Àkàngbé, ọmọ adáná de àlejò. Ọmọ ilé tí a kì í jẹun ká ti ilẹ̀kùn." Ó dúró. "Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì iléèwé wa ti máa ń fọn fèrè, Dádì. Mi ò dúró gbọ́ ìyókù rí."

"Ó dáa."

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

Kò tí ì jẹun.

Ó wọkọ̀ lọ sí Ìrágbìjí. Àwọn ìyàwó ilé tó mọ̀ ti kú tán. Àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí jẹ́ ọmọlúwàbí. Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n gbé oúnjẹ fún un, wọ́n pè é ní Gránpà. Nígbà tó bi wọ́n léèrè oríkì, èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní orin ìjọ ni òun mọ̀, ṣé kí òun kọ ọ́? Ó ní kó má ṣèyọnu. Ó sùn síbẹ̀, ó padà sí Èkó.

Ní yàrá tó kọjú sí tirẹ̀, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Hassanat. Ó ń ta àpò fóònù, ó sì ń tún fóònù ṣe ní Àpákún, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí pápákọ̀. Abdulhameed ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀. Hassanat ló ń ṣe bí ọmọ fún bàbá náà. Òun ló ń kan ilẹ̀kùn bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò bá gbúròó rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tó gbé bàbá náà lọ sí Ìrágbìjí, ó ní:

"Bàbá, àṣé kò ju báyìí lọ! Ẹ sọ èyí tí ẹ rántí fún mi. Èmi á máa kì yín."

Ọláyanjú sọ ọ́, Hassanat tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé fóònù sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni tó ń pe ibùdókọ̀: "Àkàngbé! Ọmọ adáná de àlejò! Ọmọ ilé tí a kì í... ẹ dákun, fóònù ti kú."

Abdulhameed bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá. "Hassanat! Èmi tí mo gbé ẹ níyàwó, o ò kì mí rí o!"

"Kí ni kí n kì ọ́ sí? Abdulhameed, ọmọ òní-ni-mà-á-ra-gáàsì?"

"Ìyẹn náà oríkì ni. Máa bá a lọ."

Ọláyanjú rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Má wulẹ̀ dààmú mọ́." Hassanat rí i lójú rẹ̀ pé ohun tí òun ṣe dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n ń wá. Kò bínú. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀.

Ibẹ̀ ni bàbá náà ti sọ ohun tí kò sọ fún ẹnì kankan rí. Ó ní, "Ohùn rẹ̀ wà níbì kan."

"Ohùn ta ni, Bàbá?"

"Ti Ìyá Tẹ́jú. Ó wà ní yunifásítì."

Ó sọ bó ṣe jẹ́. Nígbà tí òun ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ, tí Tẹ́jú wà ní kékeré, òun dé láti ibi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Àjíbíkẹ́ ní àwọn ará yunifásítì wá. Wọ́n ní àwọn ń ṣèwádìí bí àwọn obìnrin ṣe ń ki ọkọ wọn nínú ìlú ńlá, pé oríkì ò ní pẹ́ parun. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ dání.

"Mo bi í pé kí ló sọ fún wọn. Ó ní òun dá wọn lóhùn. Ebi ń pa mí. Mo jẹun, mo sùn."

Hassanat gbá orí mú. "Bàbá! Ohùn wọn wà nílẹ̀, ẹ wá ń lọ sí Ìrágbìjí?"

"Ta ni mo mọ̀ ní yunifásítì?"

Hassanat mọ ẹnì kan. Oníbàárà rẹ̀ ni, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tinúadé, tó ń gbé ní Àjàó Estate, tí ojú fóònù rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó fọ́. Olùkọ́ ni ní yunifásítì, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa èdè àti àṣà. Nígbà tó tún gbé fóònù wá, Hassanat ránṣẹ́ pe bàbá náà sí ìsọ̀.

Tinúadé gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ojú rẹ̀ là. "Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúsànyà nìyẹn, sà! Wọ́n ti dolóògbé. Àwọn ló kọ́ ẹni tó kọ́ mi. Wọ́n máa ń wọ ilé kan jáde, wọ ilé míì, Múṣin, Oṣòdì, Ìsọlọ̀. Káséètì wọn kún yàrá kan. A ti da púpọ̀ nínú ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà."

"Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Mi ò lè sọ, sà. Ọ̀pọ̀ ni kò lórúkọ lára. Màá wá a. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tí ì gbọ́kàn lé e."

"Mo ti gbé e lé e," ni Ọláyanjú wí.

Ọmọbìnrin náà gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ Hassanat. Ó ní òun á pè.

Ó pẹ́ kó tó pè. Ọláyanjú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìsọ̀ Hassanat. Kò fẹ́ kó dàbí pé ó ń wá ìròyìn, ó máa ń ra nǹkan. Lọ́jọ́ kan, Hassanat di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá, fóònù kan lẹ ní. Àpò fóònù mẹ́ta lẹ ti rà lọ́wọ́ mi. Ṣé ẹ fẹ́ máa wọ̀ ọ́ fún un lọ sí ìrun Jímọ̀ ni?"

"Èmi kì í kírun."

"Ẹ wá máa fi èyí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ má ra nǹkan kan mọ́. Ẹ ṣáà jókòó."

Ó jókòó. Látìgbà náà, bí iṣẹ́ kò bá sí, ibẹ̀ ló ń wà, lábẹ́ agbòòrùn, ó ń wo àwọn tó ń kó ẹrù lọ sí pápákọ̀. Gbogbo wọn ní ẹni tó ń sìn wọ́n.

Ó wá di ọjọ́ kan, Tinúadé pè, Hassanat sì jẹ́ kí òun àti bàbá náà jọ gbọ́ ọ. Ó ní òun ti rí i. Ó ní òun á gbé e wá sílé lọ́jọ́ Sátidé. Hassanat hó yèè lójú pópó. Àmọ́ Ọláyanjú, tó máa ń tẹ́tí sí ẹ̀rọ, gbọ́ nǹkan kan nínú ohùn ọmọbìnrin náà. Kì í ṣe ohùn ẹni tó gbé ohun ayọ̀ bọ̀. Kò sọ ọ́ fún Hassanat.

Lọ́jọ́ Sátidé ó gbá yàrá, ó nu àga. Ó ra ohun mímu tútù sílẹ̀. Ó wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó wọ bàtà, ó sì so okùn rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lọ síbì kankan. Kò tíì sí ọjọ́ kan tí wọ́n kì í láìwọ bàtà.

Tinúadé dé, ó kúnlẹ̀ kí i, ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sórí tábìlì. Hassanat jókòó sórí ibùsùn. Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà, kò ṣí i.

"Bàbá, kí a tó gbọ́ ọ, mo ní kí n sọ pé..."

"Ṣí i."

Ó ṣí i.

Ohun tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe ohùn èèyàn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Ó ń lọ, ó ń dúró, ó ń lọ. Ọláyanjú gbé ọwọ́ sókè, Tinúadé dá a dúró.

"Ẹ̀rọ rẹ̀ nìyẹn," ni ó wí. "Béárì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń ké. Ó sọ fún mi nígbà yẹn, mo ní màá wò ó. Mo wò ó nígbà tó yá. Máa lọ."

Ọkùnrin kan wúkọ́ nínú ẹ̀rọ náà, ó ní, "Màmá, a dúpẹ́ o. Ohun tí a fẹ́ kò nira. Ẹ ṣáà bá wa ki ọkọ yín, bí ẹ ṣe máa ń kì wọ́n láàárọ̀."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ohùn Àjíbíkẹ́ sì jáde, ohùn obìnrin tí kò tí ì darúgbó.

"Ọkọ mi ò sí nílé."

"A mọ̀, mà. Ìdí rẹ̀ tí a fi wá lọ́sàn-án nìyí. Kí ojú má baà tì yín."

"Ojú kí ni? Ẹ ní kí n ki ọkọ mi. Ọkọ mi ò sí nílé. Ta ni kí n wá kì, ṣé àga ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀rọ náà, ó dàbí ọmọ tó gbé ẹ̀rọ ìgbohùn tẹ̀ lé Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ṣe bí ẹni pé wọ́n jókòó síbẹ̀ yẹn."

"Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe bí ẹni pé, alàgbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí fún yín. Tí mo bá ń kì wọ́n, ojú wọn ni mo ń wò. Wọn kì í wò mí o, bàtà ni wọ́n máa ń wò. Ṣùgbọ́n èmi ń wo èjìká wọn. Tí mo bá kì wọ́n dé ibì kan, èjìká á sọ̀ kalẹ̀. Tó bá ti sọ̀, mo mọ̀ pé mo ti bá wọn, màá jẹ́ kí wọ́n máa lọ síbi iṣẹ́. Tí kò bá tí ì sọ̀, ó ní ohun tó wà lọ́kàn wọn lọ́jọ́ yẹn, màá fi kún un. Èyí tí màá fi kún un kì í ṣe ọ̀kan náà lójoojúmọ́. Tí wọn ò bá sí níbẹ̀, báwo ni màá ṣe mọ ibi tí màá dúró?"

Nǹkan kan ń dún nínú ẹ̀rọ náà, bí ìwé tí wọ́n ń ṣí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Orúkọ wọn ńkọ́, mà?"

"Orúkọ ta ni?"

"Ti ọkọ yín."

"Èmi kì í pe orúkọ ọkọ mi. Bàbá Tẹ́jú ni. Ẹ ṣe báyìí: ẹ padà wá lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n á wà nílé. Ẹ ó gbọ́ ọ títí yóò fi sú yín."

"Ọjọ́ Àìkú, mà, àwa kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú."

"Ẹ kàn wá jẹun nígbà náà. Wọ́n á wà nílé."

"Mo wà nílé," ni Ọláyanjú wí.

Kò wí i kíkan. Hassanat wò ó, Tinúadé wo ilẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nínú láptọ́ọ̀pù náà, béárì rẹ̀ ń ké. Ó dún pàá, ó tán.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń gba iwájú ilé kọjá, abọ́ ń mì lórí kábọ́ọ̀dù. Ìgbà tó kọjá tán, Hassanat ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí náà! Ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo, kí ni ìbá gbà wọ́n?"

"Èrò tí wọ́n ní nígbà yẹn ni, Àǹtí Hassanat," ni Tinúadé wí. "Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin kì í la ẹnu tí ọkọ rẹ̀ bá wà nítòsí. Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé. Wọ́n wá rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì. Ọ̀sán ni wọ́n ń lọ káàkiri. Àwọn obìnrin tó kù sì ṣe bí ẹni pé. Wọ́n ki àga. Mo ti gbọ́ gbogbo wọn, mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé nǹkan kan kù níbẹ̀, pé gbogbo wọn ń lọ geere láìdúró. N ò mọ ohun tó kù títí mo fi gbọ́ ti Màmá."

"Kí ni wọ́n kọ sára tirẹ̀?" ni Ọláyanjú bi í.

Ó dàbí pé ọmọbìnrin náà kò fẹ́ sọ. "Wọ́n kọ ọ́ pé: aránṣọ, Ìsọlọ̀. Kò kì."

"Ó lórúkọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ pè é fún mi."

Ó pè é, orúkọ àti ti bàbá rẹ̀ àti ìlú rẹ̀. Tinúadé kọ ọ́. Ó wá gbé ìbéèrè kan wá, ó gbé e wá jẹ́jẹ́. Ó ní bí bàbá náà bá lè sọ èyí tó rántí, òun á gbà á sílẹ̀, kò ní parun. Ó ní òun á jókòó níwájú rẹ̀. Òun á máa wo ojú rẹ̀.

Ọláyanjú rò ó. Ó rò ó dáadáa, nítorí ọmọ náà kò ṣe é ní aburú, ó sì ti ṣe wàhálà púpọ̀ nítorí rẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá sọ ọ́, tèmi ni màá máa sọ. Ìwọ á máa wò mí, èmi á máa ki ara mi. Níbo ni èjìká ti máa sọ̀ níbẹ̀?"

Tinúadé ní, "Ó ti yé mi, sà." Ó pa láptọ́ọ̀pù rẹ̀ dé.

"Ọjọ́ Àìkú tó wí yẹn," ni Ọláyanjú wí, "ṣé o wò ó bóyá wọ́n wá?"

"Mo wá gbogbo rẹ̀, sà. Kò sí nǹkan míì."

Ó mi orí. Nǹkan kan ti ń bọ̀ wá sí i lọ́kàn láti ìgbà tí ohùn náà ti dákẹ́. Ó rántí ọjọ́ Àìkú kan tí Àjíbíkẹ́ kò jẹ́ kó jáde. Ó ní kó wọ aṣọ gidi. Ó gbé ìrẹsì kaná, ìrẹsì tó ju ti èèyàn mẹ́ta lọ. Ọláyanjú bi í pé ta ló ń bọ̀. Ó ní kò sí ẹnì kankan. Wọ́n jókòó títí oòrùn fi ga. Nígbà tó di ọ̀sán gangan, Àjíbíkẹ́ dìde láti ìdí ìkòkò, ó nu ọwọ́, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ọ̀sán ni o, kì í ṣe àárọ̀. Ó gùn ju ti ìgbàkígbà lọ. Ó wọ ibi tí Ọláyanjú kò gbọ́ rí, ó dé ọ̀dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀, ó dé orí òkè tó ní òjò, ó sọ̀ kalẹ̀. Ọláyanjú rò pé inú rẹ̀ kàn dùn ni. Ó wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "O ṣeun."

Kò sọ èyí fún àwọn tó jókòó. Ó sọ fún Tinúadé pé kó mu nǹkan kó tó lọ. Ọmọbìnrin náà mu ún, ó fi ohùn náà sínú fóònù bàbá náà, Hassanat sì sìn ín dé ojú títì. Láti ibẹ̀ Hassanat kọjá sí ìsọ̀, nítorí ọjọ́ Sátidé ni ọjà ń yá.

Ọláyanjú kó ìgò tó ṣófo, ó gbé wọn lọ sọ́dọ̀ Bólúwatifẹ́, ọmọbìnrin tó ń ta ohun mímu nínú kíóṣì ní òdìkejì. Kò tí ì ju oṣù díẹ̀ lọ tó kó wá sí àdúgbò, kò mọ ẹni tó ti wà níbẹ̀ àti ẹni tó ti lọ. Ó gba ìgò náà, ó ń tò wọ́n sínú kéréètì.

"Bàbá, ẹ gbàlejò lónìí o. Mi ò rí i kí ẹnì kankan wá bá yín rí."

"Mo gbàlejò."

"Ta ni, sà? Ọmọ yín ni?"

"Ìyá Tẹ́jú ni."

"Ah, ìyàwó yín! Àṣé wọ́n rìnrìn àjò ni. Ẹ bá mi kí wọn o."

"Yóò gbọ́," ni Ọláyanjú wí, ó sì dá títì kọjá.